Ohùn Tó Ń Ṣíwájú Bàbá Nínú Igbó

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, pé ikọ́ tó ń bá yín jà nígbà tí ẹ pè gbẹ̀yìn ti lọ, pé oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun, àti pé ẹ̀rọ agbéniròkè tí ẹ ń kọ́ àtúnṣe rẹ̀ kò tíì há yín mọ́ àárín òkè àti ilẹ̀. Tó bá jẹ́ tiwa lẹ fẹ́ gbọ́, ara wa le. Màmá wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ wọn nínú yàrá kejì, Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwọn kẹ̀kẹ́, èmi sì wà níbi tí wọn kì í fẹ́ kí n wà, ìyẹn orí tábìlì tí Màmá fi ń gé aṣọ.

Ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tí èmi yìí, tí èmi àti kálàmù kì í ṣe ọ̀rẹ́, tí olùkọ́ lé jáde ní kíláàsì torí pé mo ń fi ohùn olùkọ́ dá olùkọ́ lóhùn, fi jókòó ti ìwé. Ẹ̀yin lẹ fà á. Nígbà tí ẹ pè níjọ́sí, tí Bàbá gba fóònù tí wọ́n ní kí ẹ má wá o, kí ẹ dúró síbi iṣẹ́ yín, ṣebí ẹ̀rín lẹ bú sí. Ẹ ní, "Ayékòótọ́, gbé fóònù fún Bàbá." Bàbá ní àwọn ni. Ẹ ní irọ́ ni, èmi ni. Bàbá bínú títí ohùn wọn fi ń gbọ̀n, ẹ wá ní, "O ti mọ̀ wọ́n sín jẹ gan-an báyìí o." Ẹ búra pé ẹ ò ní gba ohùn kankan gbọ́ mọ́ láti ilé yìí, àfi ohun tí ẹ bá fi ojú ara yín kà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ni yẹn. Bàbá gan-an ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún wọn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dun Bàbá di ìsinsìnyí.

Kí n tó yà bàrá, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún Màmá pé tí oṣù bá parí, ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó padà wá máa ṣíwájú Bàbá lójú ọ̀nà igbó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró ná. Ẹ ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ wá, ẹ máa bọ̀. Èmi ni mo ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín báyìí, màá kó kúrò níbẹ̀, kò ní dùn mọ́ mi.

Ẹ rántí pé kí ẹ tó lọ, Bàbá ti ń fi ìka ka sípóòkù kẹ̀kẹ́ dípò kí wọ́n wò ó. A rò pé àṣà àgbà ni. Kì í ṣe àṣà. Obìnrin oníṣègùn ojú tó wà nísàlẹ̀ òkè sọ pé àárín ojú wọn ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì mọ́. Wọ́n ń rí igi lọ́tùn-ún, wọ́n ń rí igi lósì, wọ́n sì ń rí èmi tí mo bá fẹ́ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn jáde, èyí tí kò bá mi lára mu rárá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wo òkúta tó wà níwájú táyà wọn gan-an, òkúta náà á di èéfín. Dókítà ní kò sí òògùn tó lè dá a padà, pé kí wọ́n má gun kẹ̀kẹ́ níbi tí mọ́tò bá wà láéláé. Bàbá ní ibi tí àwọn ti ń gùn ún, mọ́tò ò lè débẹ̀. Dókítà ní ìyẹn sàn díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Mo mọ̀ pé ẹ mọ ọ̀nà yẹn bí ẹ ṣe mọ ẹnu yín, ṣùgbọ́n ibi gíga lẹ wà báyìí tí fèrè ọkọ̀ ń jí yín, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Láti ẹnu ọ̀pá irin tí wọ́n fi dí ọ̀nà nígbà tí àwọn agégi kó ọkọ̀ ńlá wọn lọ, títí dé adágún tó wà lórí òkè, kò sí ẹ́ńjìnnì kan. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ táyà ni gbogbo ariwo tó wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bá sọ̀ kalẹ̀ sáàárín igi, èèyàn lè wúkọ́ ní kọ́nà kan kí ẹni tó wà ní kọ́nà kejì sì kí i pé pẹ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, Bàbá ò gun kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ní ṣéènì ló ń yọ. Wọ́n á tú ṣéènì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òróró sí i, wọ́n á dá a padà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ṣéènì tún ń yọ. Ṣéènì yẹn mọ́ ju abọ́ ilé wa lọ. Tí àwọn àlejò bá wá yá kẹ̀kẹ́, Bàbá á júwe ọ̀nà fún wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí wọ́n dá lọ, wọ́n á wá dúró síbẹ̀ máa gbọ́ ìró táyà wọn títí á fi kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ń wọlé. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti sín ìwọlé yẹn jẹ, kí n fi pa Màmá lẹ́rìn-ín. Màmá fi aṣọ tí wọ́n ń rán bojú. Mi ò dán an wò mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá Igbó fi dé. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń ṣọ́ igbó, tó ń ti imú sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu wọn ní ilẹ̀kùn tí wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé afinimọ̀nà kò fini mọ̀nà mọ́. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀pá irin tó wà lọ́wọ́ wa, ti ẹni tó ń gun ọ̀nà yẹn ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń tẹ́tí sí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Tó bá di òwúrọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn á bá Bàbá gun òkè lọ sí adágún, àwọn á sì bá wọn bọ̀. Tí Bàbá bá dé ìsàlẹ̀ láìṣubú, tí wọn kò sì bọ́ sílẹ̀ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì jẹ́ tiwa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń lọ sí ilé mìíràn nìyẹn, àwọn àlejò á sì máa bá a lọ. Bàbá tún lọ tú ṣéènì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá ní kí n pè yín kí ẹ máa bọ̀. Mo ní kí ni ẹ ń bọ̀ wá ṣe, ṣebí èmi rèé, màá ṣíwájú. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀ bí aṣọ tí kò ní tó rán.

Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi wò mí bẹ́ẹ̀. Ní ìlà kẹ̀kẹ́ tiwa, ẹni iwájú ló ń pe ọ̀nà: òkúta lósì, omi, iyanrìn, kọ́nà. Ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á, á sì pè é bó ṣe gbọ́ ọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, títí dé ìdí. Ẹ̀yin lẹ máa ń wà níwájú, Bàbá á tẹ̀ lé yín, àwọn àlejò á wà láàárín, èmi á wà ní ìdí pátápátá. Ìpè tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, kò sí ẹni tí màá pè é fún àfi igi. Ẹni tó ń bá igi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí lẹ fẹ́ kó dà? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohùn gbogbo yín. Màá fi ohùn yín pè é fún igi kan, màá fi ti Bàbá pè é fún èkejì, màá wá fi ti àlejò tó bá sanra jù pè é fún èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ẹ sì rántí ọjọ́ tí táyà yín jò tí wọ́n fi mí síwájú fún ìgbà àkọ́kọ́, tí mo pe "Ejò!" tí kò sí ejò. Ẹ rántí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ju kẹ̀kẹ́ sínú ewéko, tí tíṣà àgbà tó wà láàárín àwọn àlejò gun orí àpáta tó ní òun ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá fi ọmọlójú rẹ̀ búra fún un. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ má purọ́. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìpè kì í ṣe ohun ìṣeré, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ti gbé ọrùn rẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, èmi nìkan ló wà nílé; ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bàbá fi ṣéènì sílẹ̀, èmi àti wọn gun òkè lọ, a sì yíjú padà. Mo ṣíwájú. Mo pe, "Òkúta lósì!" Mo gbọ́ bíréèkì lẹ́yìn mi, kíìn. Bàbá ti dúró, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé òkúta gidi ni, àbí òkúta tìẹ?" Mo ní gidi ni, sà. A tún ń lọ. Mo pe omi. Kíìn. Wọ́n bi mí bóyá omi gidi ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀ láti òkè bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Tó bá jẹ́ báyẹn la máa ṣe é, Ọ̀gá Igbó á ti fẹ̀yìntì kí a tó dé ìsàlẹ̀.

Mo ṣe bí ẹni pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn táyà tó ti jẹ tán, mi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá rò pé ibà ni, wọ́n gbé òògùn fún mi, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru pọ̀. Mo sáré ṣíwájú títí Bàbá kò fi lè rí mi mọ́, àní pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo gbé àyà sókè bíi tiyín, mo fa ohùn láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo ní, "Òkúta lósì, Bàbá mi!" bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, tí "Bàbá mi" yẹn á wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ ẹrù. Mo tẹ́tí. Bíréèkì ò dún. Òkúta wẹ́wẹ́ ń sọ̀rọ̀ lọ láìdánudúró, Bàbá sì gba ọ̀tún kọjá. Mo pe omi, mo gbọ́ tí omi fọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn bí òjò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀pá irin, wọ́n fọwọ́ gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn bí ẹni tó ń kí ẹṣin kú iṣẹ́. Inú mi dùn. Ó sì dùn mí, torí ẹ̀yin ni wọ́n tẹ̀ lé.

Báyìí ni ẹ ṣe ń mú Bàbá bọ̀ láti òkè ní òròòwúrọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgboro tí ẹ kò mọ nǹkan kan. Èmi àti Bàbá kò sì dárúkọ rẹ̀ nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, màá fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, màá wo òkúta tí àgbàrá gbé wá àti ibi tí iyanrìn ti kóra jọ, torí mo rò ó pé tí mo bá fi ohùn tèmi purọ́, ẹ̀gàn tèmi ni, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ohùn yín purọ́, mo bà yín lórúkọ jẹ́ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Sátidé dé. Ọ̀gá Igbó gbé kẹ̀kẹ́ tó ń dán wá, wọ́n dé akoto tuntun tó bò wọ́n lójú. Ní gígun òkè, Bàbá kò níṣòro, ẹsẹ̀ kì í fọ́jú. Ọ̀gá Igbó ló ń mí bíi pọ́ńbù tó lu. Ní adágún, kùrukùru bo gbogbo nǹkan, a ò rí omi, a kàn ń gbọ́ ọ ni. A yíjú padà. Mo ṣíwájú, Bàbá tẹ̀ lé mi, Ọ̀gá Igbó wà ní ìdí. Mo ń pè é ní ohùn yín, Bàbá ń gbà á, wọ́n ń pè é sẹ́yìn. Lẹ́yìn kọ́nà mélòó kan, mo gbọ́ tí Ọ̀gá Igbó bèèrè láti inú kùrukùru pé ṣé ọmọkùnrin yẹn ti dé láti ìgboro ni. Bàbá ní, "Kò jìnnà."

Ẹ mọ kọ́nà tí à ń pè ní Ìgbọ̀nwọ́, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rí iwájú. Atẹ́gùn ti wó igi ńlá kan dábùú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú mi bà á, mo fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ mi yọ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ táyà wọn, eré ló wà níbẹ̀, torí ẹ̀yin ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Mo la ẹnu kí n pè é ní ohùn yín. Kò jáde. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo bí ẹ ṣe pe ọ̀nà tó, igi ò wó lójú yín rí, ohun tí mi ò bá sì gbọ́ rí, mi ò mọ̀ ọ́n sín jẹ. Ohùn tó kù lọ́fun mi kò ju ẹyọ kan lọ, tèmi, èyí tó pe ejò. Òun ni mo fi pariwo: "Bàbá, igi dábùú ọ̀nà! Ẹ dúró!"

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe bíréèkì. Ohùn Bàbá ni. Wọ́n ti gba ìpè náà, wọ́n ti ń pè é sẹ́yìn bí mo ṣe pè é: "Igi dábùú ọ̀nà! Ẹ dúró!" Ìgbà náà ni bíréèkì tó dún, tí òkúta fọ́n sí mi lára. Nígbà tí mo la ojú, táyà iwájú Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó dúró jẹ́ẹ́. Wọn kò bi mí bóyá igi gidi ni.

Bàbá jókòó tì mí lórí igi náà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu iyanrìn kúrò lápá mi, wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tó bó torí ojú wọn ò lè wá a. Wọ́n ní, "Ohùn ẹ rèé. Mo ti ń retí ẹ̀." Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní ojú àwọn ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe orí, àti pé ẹ̀yin kì í fa imú bíi tèmi kí ẹ tó pe omi. Mo bi wọ́n pé tí wọ́n bá ti mọ̀ pé èmi ni, kí ló dé tí wọn ò fa bíréèkì. Wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ bàtà ẹnì kan lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń ṣeré kì í lọ wo òkúta sílẹ̀." Wọ́n wá sọ èyí tí mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti pe ọ̀nà fún mi tó. Jẹ́ kó sinmi. Ohùn ẹ ni kí o máa fi pè é."

Ọ̀gá Igbó dé, akoto ti yí sẹ́yìn. Bàbá ní, "Ẹ ní n kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ o, báwo la ṣe máa ṣe igi yìí?" Ọ̀gá Igbó wo igi, wọ́n wo Bàbá, wọ́n ní igi inú igbó, abẹ́ àwọn ló wà, ẹ̀bi ìwólulẹ̀ rẹ̀ kò kan Bàbá. A gbé kẹ̀kẹ́ kọjá. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ohùn mi tín-ín-rín yìí ni mo fi pe gbogbo ẹ̀, kọ́nà, iyanrìn, òkúta, bíréèkì Bàbá kò sì dún lẹ́ẹ̀kan tí kò yẹ kó dún.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nílé wa. Ọ̀gá Igbó ní kí Bàbá má ṣíwájú láé, kí n máa wà níwájú wọn, àti pé kí n yéé fi ohùn imú àwọn dáhùn lórí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àwọn. Mo ní ó dáa, sà, ní ohùn ara mi. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ṣòro tó.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ti ẹ̀rọ yín. Kì í ṣe pé a ò fẹ́ yín. Màmá ní kí n kọ ọ́ ketekete pé kí ẹ wá nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n kí ẹ wá bí ọmọ, ẹ má wá bí ojú Bàbá. Tí ẹ bá sì dé, ìdí ìlà ni ipò yín. Ìpè á dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò ní rí ẹni tí ẹ máa pè é fún. Ẹ bá igi sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ohùn yín dáadáa, èmi ni mo fi kọ́ wọn.

Bàbá ní iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bà yín jẹ́. Màmá ní okùn ẹ̀rọ tí ẹ ń rọ̀ mọ́ kò ní já, ibi tí ẹ bá gòkè dé, ẹ ó bọ́ sílẹ̀ láyọ̀. Èmi náà ṣe àmín, ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti Bàbá, ti Màmá àti tèmi.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín,
Ayékòótọ́.

Mo tún rántí: mo mọ̀ yín, ẹ ó ní ta ló mọ̀ bóyá èmi ni mo jókòó hùmọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n mú ìwé yìí bọ́ síta, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn kọjá lórí rẹ̀. Òun ni ipa ẹlẹ́rùpẹ̀ tó ba àdúrà Màmá jẹ́ díẹ̀ lókè yìí. Nínú ipa náà, ẹ wo ojú ibi tí ìṣó ti gé táyà Bàbá, tí ẹ̀yin fúnra yín fi abẹ́rẹ́ Màmá rán. Bàbá kò rí ìwé náà nílẹ̀ o. Èmi ni mo dúró níwájú, tí mo ń pè é: ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, ó tó, ẹ máa bọ̀. Ẹ wo bó ṣe gba àárín ìwé gan-an.